Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Òkèlè, oògùn àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló ti pa iyán tì, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń jẹ báyìí, àwo kún dẹ́nu. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ń di ṣúgà nínú ara o! Ìwọ̀n ló ṣe kókó: kí òkèlè má ju ìkúùkù yín lọ, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo.

Oògùn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Daonil, ìyẹn oògùn ìtọ̀ ṣúgà tó ń jẹ́ glibenclamide, máa ń mú kí ara tú insulin tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ jáde, ẹ jẹun o, ẹ ò jẹun o. Ẹni tó lò ó láàárọ̀ tí kò fi nǹkan kan ẹnu dọ̀sán, ṣúgà rẹ̀ lè wálẹ̀ kọjá 70 mg/dL. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ojú á máa ṣú u. Ẹ má sọ pé ayé ló ń ṣe é. Bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin sómi fún un kíákíá, kí ẹ tún yẹ ṣúgà rẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bó bá ti dákú, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà mìíràn, lè da inú rú, ẹ máa lò ó mọ́ oúnjẹ. Prednisolone ní tirẹ̀, tí kì í ṣe oògùn ìtọ̀ ṣúgà, a máa gbé ṣúgà sókè. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ ọ́ fún yín, ẹ tètè sọ fún dókítà pé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà.