Rédíò Onífáàfù Àtijọ́ àti Èdè Àwọn Tí Ń Tún Un Ṣe

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, ọdún 1935, ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà gbé ohùn lọ sí ilé àwọn tí ó lè san owó rẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1939 iṣẹ́ náà dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré kan ni wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri. Ètò BBC láti Lọ́ńdọ̀nù ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń ti inú rẹ̀ jáde, Rẹ̀dífúṣọ̀n sì ni àwọn aráàlú ń pè é. Bí ènìyàn bá tú àpótí náà lónìí, kò ní bá ohun púpọ̀ níbẹ̀: ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan, tiransifọ́mà kékeré kan àti kókó tí wọ́n fi ń dín ohùn kù tàbí fi kún un. Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tí ó lè mú ìgbì ohùn láti òfuurufú. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tí àwọn Yorùbá fún rédíò, èyí ni asọ̀rọ̀mágbèsì, bá a mu láìkù síbì kan, ẹni tí ń kó rédíò àtijọ́ jọ kì í kà á mọ́ rédíò.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré fún olùtumọ̀. Ohun tí olùgbọ́ rí ni wọ́n fi sọ asọ̀rọ̀mágbèsì lórúkọ: a-sọ̀rọ̀-má-gbà-èsì. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí kò kan orúkọ náà rárá. Orúkọ dáadáa ni fún ẹni tí ó jókòó níwájú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dojú àpótí dé tí ó sì mú irin ìjó-òjé lọ́wọ́ nílò irú orúkọ mìíràn.

Iṣẹ́ àfipawọ́ ni títún rédíò onífáàfù ṣe jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1976 ni ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ rédíò àtijọ́, British Vintage Wireless Society, ti wà níbẹ̀. Gerald Wells, tí a bí ní ọdún 1929 tí ó sì kú ní ọdún 2014, sọ ilé tí wọ́n bí i sí ní Dulwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, di ilé àkójọ rédíò àti amóhùnmáwòrán àtijọ́. Ohun tí ń gbé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ dìde kò ju pé ẹ̀rọ tí ó ti dákẹ́ láti bí ogójì ọdún tún lè fọhùn, bí ẹni tí ó ń tún un ṣe bá mọ ohun tí ó pa á lẹ́nu mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Bush DAC90A, tí ó jáde ní ọdún 1950. Bákéláìtì ni wọ́n fi ṣe àpótí rẹ̀. Fáàfù márùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀: UCH42, UF41, UBC41, UL41 àti UY41. Lójú ẹni tí kò mọ̀, bí nọ́ḿbà ọkọ̀ ni wọ́n rí. Orúkọ tí ó ní ìtumọ̀ ni wọ́n, bí Abíọ́nà ti ń sọ fún ni pé ojú ọ̀nà ni wọ́n bí ọmọ sí. Láti ọdún 1934 ni àwọn aṣefáàfù ní ilẹ̀ Yúróòpù ti ń lo ìlànà náà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bí a ó ti bọ́ wáyà tí ń gbóná nínú fáàfù: U ń sọ pé 100 mìlíámpù ni ó ń gbà, àti pé kí a so gbogbo wọn tẹ̀lé ara wọn lórí okùn kan, E ń sọ pé 6.3 fọ́ltì ni. D jẹ́ ti bátìrì, 1.4 fọ́ltì. Àwọn lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e ń sọ iṣẹ́. C ní òpó mẹ́ta nínú, H ní mẹ́fà, F ní márùn-ún. L náà ní márùn-ún, ṣùgbọ́n òun ni ó ní agbára láti ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. B jẹ́ olópòó méjì lọ́nà méjì nínú ìgò kan. Y ni ó ń sọ iná àlọ-àbọ̀ di iná ọlọ́nà-kan. Nọ́ḿbà 4 tí ó tẹ̀ lé wọn ń sọ irú ìdí tí fáàfù náà fi jókòó. Ẹni tí ó mọ lẹ́tà wọ̀nyí lè mọ gbogbo ìtò rédíò kan kí ó tó wo àwòrán rẹ̀. Ó ṣòro láti rí ìlànà ìsọlórúkọ tí ó ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì yẹ kí olópòó méjì, olópòó mẹ́ta títí dé olópòó mẹ́fà wọ inú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ní èdè Yorùbá, nítorí pé bákan náà ni wọ́n ṣe ka òpó nínú orúkọ ti Gíríìkì tí àwọn òyìnbó ń lò.

Fáàfù gan-an ńkọ́? Gílóòbù ni ojú rí, ṣùgbọ́n gílóòbù ń tan ìmọ́lẹ̀ ni. Iṣẹ́ fáàfù ni láti jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan kí ó má sì lè padà. Fáàfù ni ó yẹ kí ó dúró.

Níbi tí olùtumọ̀ ti lè ṣubú jù ni ìwé àlàyé tí ó bá àwọn rédíò wọ̀nyí wá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì inú wọn ti gbó. Ohun tí gbogbo atúnrédíòṣe ń pè ní kapásítọ̀ lónìí, kọ́ńdẹ́ńsà ni ó wà nínú ìwé ọdún 1950. Volta ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1782. Olùtumọ̀ tí ó bá gbà pé ohun tí ń sọ ooru di omi ni yóò kọ ọ̀rọ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó dà bí ìfàle tàbí ìdààmú ọkàn, tí ó sì jẹ́ pé agbára iná, tí a ń fi fọ́ltì wọ̀n, ni wọ́n ní lọ́kàn. Rédíò fúnra rẹ̀, aláìlókùn ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé ọ̀nà tí aláìlókùn gbà dé ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó ni okùn wáyà.

Kapásítọ̀ ni ó ń pa ọ̀pọ̀ rédíò àtijọ́. Irú èyí tí wọ́n fi bébà tí a rì sínú ìda ṣe máa ń fa ọ̀rinrin mu bí ọdún ti ń gorí ọdún, títí tí kò fi lè dí iná ọlọ́nà-kan lọ́nà mọ́. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ń fi ohùn ránṣẹ́ sí fáàfù UL41. Bí èyí bá ń jò, fáàfù náà yóò máa gba iná ju bí ó ti yẹ lọ, yóò gbóná, ó sì lè jó tiransifọ́mà ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àwọn atúnrédíòṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́. "Kapásítọ̀ yẹn" ni wọ́n ń pè é, bí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá kì í ti í dárúkọ Ṣọ̀pọ̀ná gan-an. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń pààrọ̀ kí iná tó kan rédíò. Àwọn tí wọ́n fẹ́ kí inú ẹ̀rọ rí bí ti àtijọ́ á yọ ìfun kapásítọ̀ ògbólógbòó náà, wọn á sì fi tuntun pamọ́ sínú èèpo rẹ̀. Àwọn mìíràn sọ pé irọ́ ni èyí. Ó ṣeé jiyàn; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìkọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò ṣí àpótí náà lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣe dáadáa.

Résísítọ̀ ni ó mú ìṣòro èdè tí ó tóbi jù wá, nítorí pé àwọ̀ ni wọ́n fi ń kọ iye rẹ̀: dúdú ni òdo, funfun ni mẹ́sàn-án, àwọ̀ mẹ́jọ mìíràn sì wà láàárín wọn. Lórí èyí tí ó ti pẹ́, àwọ̀ ara ni nọ́ḿbà kìíní, àwọ̀ orí ni ìkejì, àmì tóótòòtó tí ó wà láàárín ni iye òdo tí ó tẹ̀ lé wọn. Bí a kò bá rí àmì náà, àwọ̀ ara ni òun náà ní. Dúdú, funfun àti pupa ni Yorùbá fi ń pín àwọ̀ láti ilẹ̀ wá. Nínú ìlànà yìí, mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé ara wọn ni èdè wa lè pè ní pupa: ọ̀kan, èjì àti ẹ̀ta. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi èjì pe ẹ̀ta lórí àmì tóótòòtó, 47,000 ómù yóò di 4,700. Àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè ba fáàfù jẹ́.

Ohun tí àwọn olùkọ́ ń ṣe ni pé kí wọ́n fi nǹkan pe àwọ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ fún ọ̀kan, àwọ̀ ìyeyè fún ẹ̀rin, àwọ̀ ewé fún àrún, àwọ̀ aró fún ẹ̀fà, èsè àlùkò fún èje, àwọ̀ eérú fún ẹ̀jọ: ìwọ̀nyí kò ní wàhálà. Ẹ̀ta ni ó ní. Àwọ̀ ọsàn ni wọ́n ń kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti tú u, nítorí pé ọsàn tí ó ti pọ́n tí wọ́n ń bó tà ní ọjà wa sábà máa ń ní èèpo àwọ̀ ewé. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ wo ọsàn yóò ka ẹ̀ta sí àrún. Àwọ̀ epo sàn jù ú lọ. Kò sí ilé tí wọn kò ti mọ epo pupa, kò sì sí ẹni tí yóò fi í pe ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ẹ̀mí wà lórí rẹ̀. DAC90A kò ní tiransifọ́mà tí ó yà á kúrò lára iná ìlú. Wáyà fáàfù márààrún tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn ń gba bí 117 fọ́ltì. Résísítọ̀ ńlá kan ni ó ń jẹ ìyókù, irin tí wọ́n to gbogbo ẹ̀rọ lé sì so mọ́ ẹsẹ̀ iná kan tààrà. Bí wọ́n bá fi púlọ́ọ̀gì sí i ní òdì, irin náà ní 240 fọ́ltì lára. Ìdí nìyẹn tí àwọn aṣerédíò fi fi ìda dí ojú ìdè tí ó wà nínú kókó ìyípo, kí ọwọ́ má baà kàn án. Àwọn atúnrédíòṣe máa ń fi tiransifọ́mà ayanáyà sí àárín, wọ́n sì máa ń so gílóòbù 60 wáàtì mọ́ ojú ọ̀nà iná nígbà àkọ́kọ́: bí inú rédíò bá ní àbùkù, gílóòbù ni yóò tàn yòò, rédíò kò ní jóná. Òyìnbó ń pe irú irin bẹ́ẹ̀ ní ààyè. Bí a bá tú u bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó kà á kò ní mọ̀ pé ikú ni wọ́n ń wí. "Irin tí iná wà lára rẹ̀" gùn ju ọ̀rọ̀-ìperí lọ, ṣùgbọ́n títí a ó fi rí èyí tí ó kúrú, òun ni kí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn àpótí.