Ìmọ̀ ìgbẹ̀bí àwọn obìnrin igbó Amazon ti di ọjà: Ta ló ń gba owó rẹ̀?

Òwò ìrìn-àjò afẹ́ kì í ṣe ti òtẹ́ẹ̀lì ńlá, etí òkun àti ọgbà ẹranko nìkan mọ́. Lórílẹ̀-èdè Ecuador, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin kan máa ń ti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù wá, tí wọ́n á san owó gọbọi, tí wọ́n á sì wọ inú igbó kìjikìji lọ. Kì í ṣe torí kí wọ́n lè ya fọ́tò ọ̀bọ ni wọ́n ṣe ń lọ o. Wọ́n fẹ́ jókòó ti àwọn ìyá tó ń gbé níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aboyún àti bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí. Nínú àwọn tó ń lọ, nọ́ọ̀sì wà, agbẹ̀bí wà, àwọn tó ń fi dídúró ti aboyún nígbà ìrọbí ṣiṣẹ́ ṣe náà wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òwò gidi ni. Ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni kò ṣeé pàtẹ: ìmọ̀ tí ìyá fi lé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ ni. Ìbéèrè tí oníṣòwò máa ń béèrè lórí ọjà yòówù ló sì yẹ kí wọ́n béèrè lórí èyí náà: ta ló ni ín, ta ló ń tà á, àpò ta sì ni owó rẹ̀ ń bọ́ sí?

Ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà lọ

Ibi méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere. Àkọ́kọ́ ni Archidona, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Napo, níbi tí òkè Andes ti ń sọ̀ kalẹ̀ sínú igbó Amazon. Àwọn obìnrin Kichwa tó jẹ́ agbẹ̀bí kó ara wọn jọ níbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ AMUPAKIN sílẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé tí aboyún ti lè bímọ, wọ́n dá ọgbà ewé àti egbò, wọ́n sì ń gba àlejò tó bá fẹ́ wá kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ wọn. Mọ́tò ń lọ sí Archidona láti Quito tó jẹ́ olú-ìlú Ecuador, nítorí náà owó ọkọ̀ kì í ṣe ìṣòro ńlá.

Ibi kejì jìnnà ju ìyẹn lọ. Ilẹ̀ àwọn Achuar ni, lápá ibi tí Ecuador ti bá Peru pààlà. Púpọ̀ nínú àwọn abúlé wọn ni kò ní títì. Ọkọ̀ òfurufú kékeré ló ń gbé èèyàn lọ síbẹ̀ láti ìlú kan tó ń jẹ́ Shell. Iléeṣẹ́ epo Shell gan-an ni wọ́n fi sọ ìlú náà lórúkọ, torí pé ó wá epo lágbègbè yẹn ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn. Ìwọ̀nba èèyàn ni irú ọkọ̀ òfurufú bẹ́ẹ̀ ń gbà, òun náà ló sì ń kó oúnjẹ, oògùn àti epo, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ga. Láàárín àwọn Achuar yìí ni àjọ Pachamama Alliance ti Amẹ́ríkà ti ṣe ètò kan tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní Jungle Mamas, tí wọ́n wá yí orúkọ rẹ̀ padà sí Ikiama Nukuri. Ìlera aboyún àti ọmọ ìkókó ni ètò náà dá lé, òun náà ló sì mú àwọn obìnrin láti òkè òkun wá ṣe àlejò níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń lọ kọ́?

Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń tẹ́ aboyún sí, tí yóò fẹ̀yìn lélẹ̀ títí yóò fi bí. Àwọn Kichwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń rọbí yóò kúnlẹ̀ tàbí kó lóṣòó, yóò di okùn tí wọ́n so mọ́ igi àjà mú, ọkọ rẹ̀ tàbí ẹbí rẹ̀ kan yóò sì gbá a mú láti ẹ̀yìn. Kó tó dìgbà náà, agbẹ̀bí á ti fi ọwọ́ ra ikùn rẹ̀ kó lè mọ bí ọmọ ṣe dùbúlẹ̀. Bó bá bímọ tán, omi ewé gbígbóná ni wọn yóò fi wẹ̀ fún un, ọbẹ̀ adìẹ gbígbóná ni yóò máa mu, wọn kò sì ní jẹ́ kí òtútù kàn án. Sísin ni wọ́n ń sin ibi ọmọ.

Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ èyí kò ní pariwo. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ tí àwọn èèyàn wa fi ń bẹ̀bẹ̀ kò ṣẹ̀yìn irú ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwa náà a sì máa ń sin ibi ọmọ. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn pàápàá ti ń padà sí ibi tí àwọn ìyá yìí wà. Lọ́dún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn òṣìṣẹ́ ìlera níyànjú pé kí wọ́n jẹ́ kí aboyún máa rìn kiri nígbà ìrọbí, kí wọ́n sì jẹ́ kó bímọ bó bá ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìbáà jẹ́ ní ìnàró. Lọ́dún 2008, iléeṣẹ́ ìlera Ecuador ti gbé ìlànà kan jáde tó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún àṣà ìbílẹ̀ aboyún. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì tó ti kàwé gboyè fi ń lọ wo ọwọ́ ìyá tí kò wọ kíláàsì rí.

Ti àwọn Achuar tún yàtọ̀. Láyé àtijọ́, iṣẹ́ agbẹ̀bí kò dá dúró láàárín wọn. Bí ìrọbí bá mú obìnrin, inú oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní aja, ni yóò lọ. Ó lè dá bímọ níbẹ̀, ìyá rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ sì lè wà pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, àlejò tó bá ń retí pé ìyá àgbà kan yóò dúró síwájú òun máa kọ́ni yóò dúró títí. Ìgbésí ayé wọn ni yóò bá wọn gbé: yóò bá wọn wọ oko, yóò rí bí àwọn obìnrin ṣe ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe nijiamanch tí í ṣe ohun mímu wọn, yóò sì jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti bá wọn mu ewé wayus, nígbà tí wọ́n bá ń rọ́ àlá wọn fún ara wọn.

Ẹ̀kọ́ náà kì í sì í ṣe ti ẹnì kan. Àwọn obìnrin Achuar náà nílò ìmọ̀ bí èèyàn ṣe ń fi abẹ tó mọ́ gé ìwọ́ ọmọ, ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lẹ́yìn ìbí, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n tètè pe ọkọ̀ òfurufú.

Bí owó ṣe ń pín

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Owó tí àlejò san kì í lọ tààrà sọ́wọ́ ìyá tó kọ́ ọ. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ńlá á mú tirẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì Quito á mú tirẹ̀, ọkọ̀ òfurufú kékeré á mú tirẹ̀. Ẹni tó ń túmọ̀ láti èdè Achuar sí èdè Spanish, àti láti ibẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò ní ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ṣètò ìrìn-àjò náà ní ọ́fíìsì àti òṣìṣẹ́. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni abúlé máa ń wà, ẹ̀yìn abúlé sì ni ìyá tó ni ìmọ̀.

Àdéhùn kan wà tí wọ́n máa ń tọ́ka sí lórí èyí. Lọ́dún 1996, iléeṣẹ́ Canodros ti Ecuador ṣí ilé ìgbàlejò Kapawi sórí ilẹ̀ Achuar. Kò ra ilẹ̀ náà. Ó háyà á ni, ó ń san 2,000 dọ́là lóṣù, owó háyà náà sì ń lé sí i lọ́dọọdún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ń san dọ́là mẹ́wàá lórí àlejò kọ̀ọ̀kan. Bí àlejò 50 bá dé lóṣù kan ní ìbẹ̀rẹ̀, 2,500 dọ́là ni yóò wọ àpò ẹgbẹ́ àwọn Achuar nìyẹn. Wọ́n tún kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé náà yóò di ti Achuar lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àmọ́ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé e lé wọn lọ́wọ́ lọ́dún 2008. Láti ìgbà náà, èrè di tiwọn, ṣùgbọ́n àtúnṣe ilé àti wíwá oníbàárà náà di tiwọn.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni pé iye owó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kí àlejò tó dé. Èkejì ni pé owó tó wọ àpò ìlú àti owó tó dé ọwọ́ obìnrin tó kọ́ni kì í ṣe ohun kan náà. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ bíi AMUPAKIN ti yàtọ̀, nítorí àwọn agbẹ̀bí fúnra wọn ló ni ẹgbẹ́.

Owó yìí kì í sì í ṣe owó ṣeréṣeré fún wọn. Àwọn Achuar ti ń bá àwọn tó fẹ́ wa epo lórí ilẹ̀ wọn fà á tipẹ́tipẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n wa epo lórí ilẹ̀ òun gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn tí yóò fi rí owó oògùn àti owó ìwé ọmọ.

Ta ló ni ìmọ̀?

Owó nìkan kọ́ ló lè sọnù. Lọ́dún 1986, ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ̀gbẹ́ni kan, Loren Miller, ní ìwé àṣẹ pé òun ló ni irú ewéko ayahuasca kan, bẹ́ẹ̀ ewéko tí àwọn oníṣègùn Amazon ti ń lò láti ayébáyé ni. Lọ́dún 1999, COICA, ẹgbẹ́ tó kó àwọn ọmọ onílẹ̀ Amazon pọ̀, ta kò ó, wọ́n sì fagi lé ìwé náà. Nígbà tó di ọdún 2001, wọ́n tún dá a padà fún un. Ọdún 2003 ni ọjọ́ tí wọ́n dá fún un tó pé.

Látìgbà náà, ayé ti ṣe òfin lé e. Àdéhùn Nagoya ti ọdún 2010, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2014, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lo ewéko àti ìmọ̀ tó bá a rìn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kó sì pín èrè rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ni ín. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè tún fọwọ́ sí àdéhùn mìíràn ní Geneva, pé ẹni tó bá ń béèrè irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti rí ewéko tàbí ìmọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí agbẹ̀bí fi ń ra ikùn aboyún kì í ṣe ewé. Bí àlejò bá padà sílé tó sì fi ohun tó kọ́ ṣí kíláàsì olówó, àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe kó tó lọ nìkan ló lè gba ìyá náà sílẹ̀.

Ohun tí ọ̀sẹ̀ méjì kò lè ṣe

Ìbímọ kì í tẹ̀ lé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Àlejò lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kó má rí ẹnikẹ́ni tó bímọ. Bí ìrọbí bá sì mú obìnrin kan, kì í ṣe ìran wíwò, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà. Ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ kì í sọ ẹnikẹ́ni di agbẹ̀bí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbí ló ń pa abiyamọ jù láyé, agbo nìkan kò sì tó láti dá a dúró.

Ohun tó kan ilé

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àjọ UNESCO fi iṣẹ́ agbẹ̀bí sínú ìwé àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló jọ béèrè fún un, Nàìjíríà àti Togo sì wà nínú wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìṣègùn ìbílẹ̀, tó sì ń dá àwọn agbẹ̀bí lẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún 2014, ìjọba Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Agbẹ̀bíyè, níbi tí agbẹ̀bí ìbílẹ̀ tó bá mú aboyún wá sí ọsibítù ìjọba ti ń gba owó lórí rẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé èèyàn lè sanwó fún ìmọ̀ ìyá àgbà láìfi ẹ̀mí aboyún ta tẹ́tẹ́.

Bí irú òwò Ecuador yìí bá máa dé ọ̀dọ̀ wa lọ́la, àwọn ìyá tó ni ìmọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ ní ẹgbẹ́, ìwé àkáǹtì àti àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹni tó bá sì fẹ́ sanwó irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè ohun mẹ́ta: èló ló ń dé ọwọ́ ẹni tó máa kọ́ òun, ta ló fọwọ́ sí i, kí ni òun sì láṣẹ láti fi ìmọ̀ náà ṣe bí òun bá padà délé. Bí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kò bá lè dáhùn wọn, kí onítọ̀hún fi owó rẹ̀ sápò.