Hurler, Hunter àti àwo kan ṣoṣo: iṣẹ́ Elizabeth Neufeld lórí láísósóòmù

Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Ohun yòówù tí a bá gbá nínú ilé, ibẹ̀ là ń dà á sí, títí òjò, oòrùn àti kòkòrò á fi sọ ọ́ di ilẹ̀dú. Irú ààtàn bẹ́ẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa. Christian de Duve, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló sọ ọ́ ní lysosome lọ́dún 1955. Inú èdè Gíríìkì ló ti fa orúkọ náà yọ: "lysis" ni títú nǹkan palẹ̀, "soma" ni ara. Ara tí ń tú nǹkan palẹ̀ nìyẹn. Láísósóòmù ni n ó máa pè é níbí.

Inú láísósóòmù ni àwọn ẹ́ńsáìmù oríṣiríṣi ti ń ṣiṣẹ́, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ fojú inú wo okùn kan tí wọ́n ta kókó sí lẹ́sẹẹsẹ. Ẹnì kan ló mọ kókó àkọ́kọ́ tú, ẹlòmíì ló mọ ìkejì tú. Bí ẹni ìkejì ò bá wá síbi iṣẹ́, ẹni ìkẹta ò ní rí nǹkan ṣe, kódà kó jẹ́ ọ̀jáfáfá. Okùn náà á wà bẹ́ẹ̀, òmíràn á tún bá a níbẹ̀, títí láísósóòmù á fi kún àkúnya, tí sẹ́ẹ̀lì á sì wú. Lọ́dún 1963, Henri-Géry Hers, tóun náà jẹ́ ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, fi hàn pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àrùn Pompe nìyí: ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo ló sọnù. Lónìí, irú àrùn bẹ́ẹ̀ tí a mọ̀ lé ní 50.

Méjì nínú wọn ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò. Lọ́dún 1917, dókítà Charles Hunter ní Winnipeg, ní Kánádà, kọ̀wé nípa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, ọkùnrin làwọn méjèèjì. Ní 1919, Gertrud Hurler náà kọ tirẹ̀ ní Jámánì. Wọ́n bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bí ọmọ tó pé. Nígbà tó yá, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, ahọ́n ń tóbi, oríkèé ń le, egungun ń wọ́, ẹ̀dọ̀ ń wú. Nínú ti Hurler, ẹyinjú a tún máa ṣú, ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ọ̀rọ̀. Láìsí ìtọ́jú, púpọ̀ nínú wọn kì í pé ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Orúkọ kan wà tí àwọn dókítà olóyìnbó fún àrùn yìí láyé ọjọ́un: gargoylism. Gargoyle ni ère òkúta abìrísí burúkú tí wọ́n ń gbẹ́ sí etí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Yúróòpù. Ẹ gbọ́ ná, ṣé orúkọ tó yẹ ká pe ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn? Yàtọ̀ sí pé ó rorò, orúkọ náà ò tún sọ nǹkan kan fúnni ju bí ojú ṣe rí lọ.

Elizabeth Neufeld ló wo inú. Ìlú Paris ni wọ́n ti bí i ní 1928. Ogun lé ìdílé rẹ̀ dé Amẹ́ríkà ní 1940. Ṣúgà inú ewéko ló kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ lé lórí ní Berkeley, kó tó dé ilé ìwádìí ìlera ìjọba, NIH, ní 1963. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò nígbà náà ni pé sẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣe ẹ̀wọ̀n ṣúgà jù. Neufeld àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èròjà sulphate tó ní ìtànṣán sàmì sí ẹ̀wọ̀n ṣúgà náà, kí wọ́n lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rí i pé ṣíṣe rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro, títú u palẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n da sẹ́ẹ̀lì awọ ara ọmọ Hurler àti ti ọmọ Hunter pọ̀ sínú àwo kan. Àwọn méjèèjì sàn! Ohun tí ọ̀kan ò ní, èkejì ní in, ó sì ń fún un. Kódà, omi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti gbé inú rẹ̀ tó láti wo èkejì sàn. Ní 1968, Joseph Fratantoni, Clara Hall àti Neufeld tẹ ìwádìí yìí jáde. Ẹ̀yìn ìgbà náà la wá mọ̀ pé ẹ́ńsáìmù ni ohun tí wọ́n ń fún ara wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ èmi onímọ̀ ẹ̀dá-èdè jù rèé. Àdàpọ̀ inú àwo di òṣùwọ̀n: bí àrùn méjì bá wo ara wọn sàn, wọ́n yàtọ̀, bí wọn ò bá wo ara wọn sàn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ ọ̀kan. Àrùn Scheie ò le tó Hurler rárá, ẹni tó ní in lè dàgbà, kí ọpọlọ rẹ̀ sì pé. Síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì Scheie ò wo ti Hurler sàn. Àrùn kan náà ni, bó ṣe le sí ló yàtọ̀. Ará Ìbàdàn tó ń pe iṣu ní "isu" àti ẹni tó ń pè é ní "iṣu", ohun kan náà ni wọ́n ń jẹ. Àmọ́ àwọn ọmọ tó ní àrùn Sanfilippo jọra bí ìbejì, sẹ́ẹ̀lì wọn sì ń wo ara wọn sàn: ẹ́ńsáìmù tó sọnù lára wọn ò dọ́gba. Tiwọn dà bí ogun tí à ń jà, ogún tí à ń pín àti Ògún tí à ń bọ. Ẹ yọ àmì ohùn kúrò, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀.

Báwo ni ẹ́ńsáìmù tó wà níta ṣe ń mọ̀nà wọ láísósóòmù? Ní 1972, Hickman àti Neufeld ṣàkíyèsí àrùn kan tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń ṣe ẹ́ńsáìmù, àmọ́ tí sẹ́ẹ̀lì mìíràn kì í gbà á wọlé. Wọ́n ní àmì ìdánimọ̀ kan ni kò sí lára rẹ̀, bíi lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì. Ní 1977, Arnold Kaplan, William Sly àti ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé mannose-6-phosphate ni àdírẹ́sì náà.

Orí ìmọ̀ yìí ni oògùn ti jáde. Ní 2003, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí laronidase fún àrùn Hurler àti Scheie; ní 2006, idursulfase fún ti Hunter. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fà á sí iṣan. Ó ń ran ẹ̀dọ̀ àti èémí lọ́wọ́, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú ọpọlọ, owó rẹ̀ sì ga fíofío.

Báwo ni ọmọ ṣe ń kó o? Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ AS àti SS ti mọ ti Hurler: baba gbé ọ̀kan, ìyá gbé ọ̀kan, ara àwọn méjèèjì le. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu. Ti Hunter yàtọ̀: ọ̀dọ̀ ìyá ló sábà ń gbà wá, àwọn ọmọkùnrin ló sì ń mú jù. A mọ ohun tí ojú àwọn abiyamọ rí nílẹ̀ wa nígbà tí a ń pe fọ̀nìkú-fọ̀ladìde ní àbíkú. Bí àrùn ò bá lórúkọ tí ìdílé lóye, ẹ̀sùn ni wọ́n máa fi dípò rẹ̀.

Nítorí náà, kí la máa pè é? "Àrùn ìdọ̀tí sẹ́ẹ̀lì" á lẹ ẹ̀gbin mọ́ ọmọ lára. Mo ro "kókó-àìtú" wò, àmọ́ kókó náà là ń pe ohun tó bá wú lára, wọ́n á ní jẹjẹrẹ ni. "Àrùn àìtúpalẹ̀" ni mo fara mọ́: ó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin òǹkàwé mi tẹ́ ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, ẹ dán an wò lẹ́nu, kẹ́ ẹ sì sọ fún mi bó bá yé àwọn ìyá.