Ẹni Tí Iná Ọkọ̀ Rẹ Fọ́ Lójú, Ọ̀dọ̀ Rẹ Ló Ń Bọ̀

Lójú ọ̀nà àtijọ́ tó lọ láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ló jọ ń pín ọ̀dà kan ṣoṣo. Kò sí ohun tó dá wọn sí méjì, kò sì sí iná ojú títì fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná iwájú ọkọ̀ nìkan ni awakọ̀ fi ń mọ ibi tí ọ̀nà gbà. Níbi tó ti ń fara balẹ̀ lọ, tíréla kan á yọ lókè pẹ̀lú iná fúùlù. Lójú ẹsẹ̀, kò ní rí ọ̀dà mọ́, kò ní rí etí ọ̀nà, kò ní rí ọlọ́kadà tó wà níwájú rẹ̀. Á ṣẹ́ iná sí i lẹ́ẹ̀mejì pé kó jọ̀ọ́ dín tirẹ̀ kù. Lọ́pọ̀ ìgbà, oní-tíréla kì í dáhùn.

Ọkọ̀ tó ń sá 90 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin mítà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá fọ́ awakọ̀ rẹ̀ lójú fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta péré, ó ti fi afọ́jú rin mítà 75. Ohun tí àwọn tó ń kọ̀ láti dín iná kù kì í rò nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fọ́ lójú kò jókòó sójú kan. Ọ̀dọ̀ wọn gan-an ló ń sáré bọ̀, pẹ̀lú irin tó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ.

Ìdí tí ojú kì í fi í tètè padà bọ̀ sípò wà nínú bí a ṣe dá a. Ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú, oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń gba ìmọ́lẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀sán, òun ló ń jẹ́ ká mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, ó sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà nínú ojú kan. Èkejì jẹ́ ti òru. Ó tó nǹkan bí 100 mílíọ̀nù, kò mọ àwọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ bíńtín ti tó o láti ṣiṣẹ́. Èròjà kan tí ara ń fi fítámì A pèsè ló ń bá sẹ́ẹ̀lì òru yìí ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ líle bá kọ lù ú, èròjà náà á túká lẹ́ẹ̀kan, ara á sì máa tún un pèsè díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ gan-an bọ́ sínú òkùnkùn biribiri lè lo tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ojú rẹ̀ tó ríran tó bó ṣe yẹ. Ti ojú pópó kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí iná ọkọ̀ ẹni kì í jẹ́ kí òkùnkùn ibẹ̀ pé. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan náà ti pọ̀ jù.

Ọjọ́ orí tún ń dá kún un. Bí ènìyàn bá ṣe ń dàgbà, ọmọlójú rẹ̀ kì í là tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́ nínú òkùnkùn, inú ojú rẹ̀ kì í sì í mọ́ gaara mọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ẹ̀yìn ojú ẹni ọgọ́ta ọdún kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti ọmọ ogún ọdún lọ. Bàbá tó ti ń wakọ̀ láti ogójì ọdún sẹ́yìn lè mọ ọ̀nà náà bí ẹní mowó, ìyẹn kò ní kí iná fúùlù má pa ojú rẹ̀ dé. Bí dígí iwájú ọkọ̀ bá tún ti ha, tàbí tí eruku ọyẹ́ bò ó, iná tó ń bọ̀ á fọ́n ká sójú dígí náà, gbogbo iwájú á sì di funfun.

Ọ̀rọ̀ fúùlù rọrùn, ìka kan ló ń pa á. Èyí tó le jù ni ti ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ ti tan díìmù, tó gbà pé òun ti ṣe ohun tó tọ́, síbẹ̀ tí iná rẹ̀ ń gún ẹlòmíràn lójú. Wọ́n pọ̀ lójú pópó báyìí, inú ilé iná wọn sì ni ẹ̀bi wà.

Ẹ mú gílóòbù H4, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò. Wáyà tín-ín-rín méjì ló wà nínú rẹ̀, ti fúùlù jẹ́ wáàtì 60, ti díìmù jẹ́ wáàtì 55. Irin kékeré kan tó tẹ̀ kòròbòtò wà lábẹ́ wáyà díìmù. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ohun ọ̀ṣọ́ ni. Irin yẹn ló ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ì bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ ilé iná, kí ó má baà ta padà sókè wọ ojú ẹni tó ń bọ̀. Àwọn tó ṣe ilé iná náà ti wọn ibi tí wáyà yóò dúró sí, dé orí mílímítà. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á gba ibòmíràn lọ.

Awakọ̀ á wá dé ọjà páàtì, yálà ní Ládípọ̀ ní Múṣin tàbí ibòmíràn, á ra gílóòbù LED tó ń tàn funfun báláú, réwáyà á sì fi í sínú ilé iná tí wọ́n ṣe fún gílóòbù oníwáyà. Ó wọlé wẹ́kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí iná ti ń jáde lára rẹ̀ kì í sábà bá ibi tí wáyà àtijọ́ wà mu, ìmọ́lẹ̀ á sì máa tú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Inú ẹni tó rà á á dùn, torí ilẹ̀ iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ kedere. Ẹni tó wà lápá kejì ló ń san owó rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdí èyí ni wọn kò fi ní jẹ́ kí ọkọ̀ yege àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n bá bá gílóòbù LED nínú ilé iná tí wọ́n ṣe fún gílóòbù oníwáyà.

Ẹnikẹ́ni lè yẹ tirẹ̀ wò lálẹ́. Kí ó gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ó kọjú rẹ̀ sí ògiri funfun ní nǹkan bí mítà márùn-ún, kí ó tan díìmù. Iná tó dára á ya ilà sára ògiri: ìsàlẹ̀ ilà á mọ́, òkè rẹ̀ á ṣókùnkùn. Ní ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà ọ̀tún ní Yúróòpù, ilà náà á tún gòkè díẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí ògiri bá mọ́ láti ilẹ̀ dé òrùlé tí kò sí ilà kankan, kí onítọ̀hún padà lọ bá réwáyà rẹ̀.

Apá ọ̀tún tó gòkè yẹn ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí etí ọ̀nà, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà àti ibi tí wọ́n ń ri àmì ojú pópó mọ́. Òsì ni Nàìjíríà ń gbà wakọ̀ nígbà kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wa. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 la bọ́ sí ọ̀tún. Sweden ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wa, ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún 1967, iná iwájú ọkọ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n ní láti pààrọ̀ káàkiri ìlú wọn. Ìdí ni pé iná ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà òsì, apá òsì ló ń gòkè, ibẹ̀ gan-an sì ni ojú ẹni tó ń bọ̀ wà lórí ọ̀nà wa. Ọkọ̀ tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Japan, tí wọ́n ti ṣí ṣítíá rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, kò tíì pé títí tí wọ́n á fi pààrọ̀ iná iwájú rẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà ń ráhùn. Ọkọ̀ tuntun wọn ń ga sí i, iná LED inú rẹ̀ sì ń funfun sí i. Nígbà tí ariwo náà pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba wọn gbé iṣẹ́ ìwádìí síta lórí rẹ̀ ní 2024. Iná kan wà tí kámẹ́rà ń darí, tó ń pa ibi tí ọkọ̀ mìíràn wà nìkan, tó ń fi ìyókù sílẹ̀ ní fúùlù. Àwọn ará Yúróòpù ti ń lò ó tipẹ́, ṣùgbọ́n oṣù kejì ọdún 2022 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fàyè gbà á. Yóò pẹ́ kó tó pọ̀ láàárín àwọn tòkunbọ̀ wa.

Iná ọkọ̀ kì í ṣe fún ìríran nìkan, ọ̀rọ̀ ló tún ń bá ẹlòmíràn sọ, ibẹ̀ sì ni wàhálà mìíràn ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ wo hásáàdì, ìyẹn tráfíkétọ̀ méjèèjì tó ń ṣẹ́ papọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe é fún ni ọkọ̀ tó dúró síbi tí kò yẹ, tó fẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ mọ̀. Òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹni tó ń rìn láyè láti tàn án, àfi lórí ọ̀nà márosẹ̀ tàbí irú ọ̀nà ńlá onípín-méjì bẹ́ẹ̀, tí ewu bá wà níwájú tó sì fẹ́ kìlọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́yìn. Ní Nàìjíríà, ẹni tó fẹ́ lọ tààrà ní ìkóríta ló ń tan hásáàdì. Kí ni ẹni tó dúró ní ẹnu ọ̀nà apá òsì máa rí? Tráfíkétọ̀ òsì nìkan, torí ara ọkọ̀ ti bo ti ọ̀tún. Á gbà pé ọkọ̀ náà ń yà sọ́dọ̀ òun, á sì bọ́ síwájú rẹ̀.

Bí òjò ńlá bá dé, gbogbo ọkọ̀ tó wà lórí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ hásáàdì. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fẹ́ pààrọ̀ ilà, kò sí ẹni tó máa mọ̀, torí tráfíkétọ̀ rẹ̀ ti ń ṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ewu kejì wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá. Gílóòbù pupa kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ bíréèkì àti iṣẹ́ tráfíkétọ̀ lẹ́yìn. Tí hásáàdì bá ti wà lórí, gílóòbù náà á máa ṣẹ́ lọ bí awakọ̀ tiẹ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Iná bíréèkì kékeré tó wà láàárín, lókè, nìkan ló kù tó ń sọ òtítọ́. Ohun tó yẹ nínú òjò ni kí ènìyàn dín eré kù, kí ó sì tan díìmù, kí iná pupa ẹ̀yìn lè mọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Iná ṣíṣẹ́ náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Bí awakọ̀ bá ṣẹ́ iná iwájú lórí ọ̀nà wa, ohun tó sábà ń sọ ni pé, "Mò ń bọ̀ o, má wọlé." Ó tún lè jẹ́ pé ọlọ́pàá tàbí ewu wà níwájú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ṣíṣẹ́ kan náà sọ pé, "Máa kọjá, mo yọ̀ǹda fún ọ," bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin wọn sọ pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju "Mo wà níbí" lọ. Ọmọ Yorùbá tó kúrò ní Pẹ́kàmù tó wá gba ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Èkó fún ọdún iléyá gbọ́dọ̀ tètè mọ ìyàtọ̀ yìí, torí ẹni tó rò pé wọ́n yọ̀ǹda fún òun ni wọ́n ń kìlọ̀ fún.

Àwọn awakọ̀ tíréla ní èdè mìíràn, èyí tí kò sí nínú ìwé. Bí ọkọ̀ kékeré bá wà lẹ́yìn wọn lórí ọ̀nà tóóró, tí iwájú sì mọ́, wọ́n á tan tráfíkétọ̀ ọ̀tún pé kó máa kọjá. Bí nǹkan bá ń bọ̀ níwájú, wọ́n á tan ti òsì pé kó ṣe sùúrù. Ẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀ dára, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Ṣùgbọ́n tráfíkétọ̀ ọ̀tún kan náà lè jẹ́ pé oní-tíréla fẹ́ yà sí ilé epo, ti òsì sì lè jẹ́ pé òun gan-an fẹ́ yà sí òsì. Ẹni tó bá fi gbogbo ara gbára lé e ti fi ojú ẹlòmíràn rọ́pò tirẹ̀.

Àìtan iná náà ń pa ènìyàn. Ọkọ̀ olójú kan tó ń bọ̀ lókèèrè, ọ̀kadà ni ènìyàn á pè é, títí tó fi máa sún mọ́ tó jẹ́ pé tánkà ni. Tíréla tó bàjẹ́ á dúró láàárín ọ̀nà lóru, ewé àti ẹ̀ka igi ni wọ́n á jù sẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí C-caution tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà kò sí nínú ọkọ̀. Ewé kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi C-caution. Àwọn ọkọ̀ tuntun náà ní ìṣòro tiwọn: iná ọ̀sán tó ń tàn fúnra rẹ̀ níwájú ń jẹ́ kí awakọ̀ rò pé iná òun wà lórí, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀yìn ṣókùnkùn pátápátá.

Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká dá sí ọ̀rọ̀ ààbò ojú pópó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977, àti nígbà tó di alága àkọ́kọ́ fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀, FRSC, ní 1988, eré àsápajúdé àti ìwàkuwà ló gba iwájú nínú ìjà náà. Gílóòbù LED kò tíì dé ọjà nígbà yẹn. Ó ti dé báyìí, àyẹ̀wò ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ bá a dọ́gba. Kí òṣìṣẹ́ béèrè pé kí awakọ̀ tan iná kí òun rí i kò tó mọ́. Ibi tí iná náà ń kọjú sí ló yẹ kí wọ́n wò.

Ẹrù pẹ̀lú ń yí ibi tí iná ń kọjú sí padà. Bí wọ́n bá di iṣu àti gàrí kún bọ́ọ̀tù, ẹ̀yìn ọkọ̀ á rẹlẹ̀, iwájú á gbé sókè, díìmù á sì di fúùlù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù ní bọ́tìnnì kékeré kan nítòsí ṣítíá, tí wọ́n kọ 0 dé 3 sí lára, tó ń rẹ iná sílẹ̀ nígbà tí ẹrù bá wúwo. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń lo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìfọwọ́ kàn án. Bí àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ bá kun ògiri kan ní funfun ní Jíbówú, ní Ọ̀jọ́ta àti ní Ìwó Road ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì fa ilà dúdú kan sí i níwọ̀n tó yẹ, bọ́ọ̀sì tó fẹ́ rin òru lè kọjú sí i fún ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá di ẹrù tán, kí awakọ̀ rẹ̀ yí bọ́tìnnì náà títí iná yóò fi bọ́ sábẹ́ ilà, kí ó tó jáde ní gáréèjì.