Fóònù àti Awò Awọ̀nàjíjìn: Èwo Nínú Wọn Ni Kí A Gbà Gbọ́?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní Kika, ní agbègbè Tchaourou, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, a gbé awò awọ̀nàjíjìn kékeré kan sí àárín pápá. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sì sí iná ìgboro tí ó lè bo ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀. A dojú awò náà kọ Júpítà, tí ó ń yí oòrùn po gẹ́gẹ́ bí ilé ayé wa ti ń yí i po. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni a rí ìmọ́lẹ̀ kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n tò sórí ìlà kan. Àwọn òṣùpá Júpítà ni wọ́n. Galileo, ará ilẹ̀ Ítálì, kọ ìwé nípa wọn ní ọdún 1610, lẹ́yìn tí òun náà ti fi awò rí wọn.

Áàpù kan wà nínú fóònù wa tí ó ń ya àwòrán ojú ọ̀run. Ó fi òṣùpá mẹ́ta hàn ní apá òsì Júpítà, ó sì fi ẹyọ kan hàn ní apá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n nínú awò, ẹyọ kan ni ó wà ní òsì, mẹ́ta sì wà ní ọ̀tún. Ìyá kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wo fóònù, ó wo awò, ó tún wo fóònù. Ó ní: «Olùkọ́, ẹ má bínú. Bóyá ojú mi ni kò ríran dáadáa. Ẹni tí kò tíì mọ ìwé kà tán, kí ni yóò rí kà ní ojú ọ̀run?» Ó sì fẹ́ padà sí ìjókòó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ojú ìyá náà kò ṣe nǹkan kan. Fóònù kò purọ́, awò náà kò sì purọ́. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń fi hàn, ṣùgbọ́n awò a máa yí àwòrán padà kí ó tó dé ojú wa. Ẹni tí ó bá mọ bí awò rẹ̀ ṣe ń yí àwòrán ni yóò lè fi fóònù wá ohun tí ó fẹ́ rí.

Ẹ fi lẹ́tà b dán awò yín wò

Ní ọjọ́ kejì, ní ojú ọ̀sán, a kọ lẹ́tà b gàdàgbà sórí páálí, a sì gbé e kọ́ sára igi kan ní ìkángun pápá. A kọ ẹ̀yìn sí oòrùn kí a tó fi awò wo páálí náà. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹ má ṣe fi awò wo oòrùn láé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì rántí ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, tí òkùnkùn sì ṣú ní òwúrọ̀ ní àárín gbùngbùn Bẹ̀nẹ̀. Oòrùn tí a ń fi ojú lásán wò pàápàá léwu. Awò ní tirẹ̀ a máa kó ìmọ́lẹ̀ oòrùn jọ sójú kan, ó sì lè fọ́ ènìyàn lójú kí ó tó ṣẹ́jú.

Ohun mẹ́ta ni ẹ lè rí bí ẹ bá wo páálí náà.

Bí b bá ṣì jẹ́ b, awò náà kò yí àwòrán padà. Bẹ́ẹ̀ ni awò olójú méjì tí a ń fi kọ́ ọrùn ṣe rí.

Bí b bá di q, lẹ́tà tí a máa ń rí nínú ìwé Faransé, awò náà ti dorí àwòrán kodò: òkè di ìsàlẹ̀, òsì sì di ọ̀tún. Irú awò tí Newton, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní ọdún 1668 ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dígí ìwojú ńlá ni ó wà ní ìdí rẹ̀.

Bí b bá di d, òkè ṣì wà ní òkè, ṣùgbọ́n òsì ti di ọ̀tún. Awò tí ó ní dígí ńlá níwájú, tí a sì fi ìgbọ̀nwọ́ kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ọrùn má baà dun ẹni tí ń wò, ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dígí ìwojú tí ó wà nínú ìgbọ̀nwọ́ náà ni ó ń sọ àwòrán di òdì.

Nínú awò tiwa, b di d. Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní: «Ọ̀tá mi àtijọ́ nìyí!» Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni b àti d fi da òun náà láàmú nínú kíláàsì kí ó tó mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Bí a ṣe ń mú fóònù bá awò mu

Bí awò yín bá ń sọ b di q, ẹ dorí fóònù kodò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pa ètò tí ó ń jẹ́ kí àwòrán yí fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá yí fóònù.

Bí awò yín bá ń sọ b di d, bí ẹ tilẹ̀ yí fóònù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, wọn kò ní bára mu. Àwòrán fúnra rẹ̀ ni a ní láti sọ di òdì. Àwọn áàpù kan ní ètò fún èyí. Stellarium, tí Fabien Chéreau, ará ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, ní i lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí áàpù yín kò bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ ya àwòrán náà sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ẹ sì wò ó láti ẹ̀yìn.

Ẹ tún kíyèsí ìwọ̀n. Ojú fóònù lè gba apá ńlá nínú ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ibi tí awò kékeré ń rí lẹ́ẹ̀kan náà kò sábà ju ibi tí àtàǹpàkò lè bò lọ nígbà tí a bá na ọwọ́ gbọọrọ. Nítorí náà, ẹ fẹ àwòrán inú fóònù títí yóò fi ku ibi kékeré yẹn nìkan.

Ẹ rí i dájú pẹ̀lú pé áàpù mọ ibi tí ẹ wà. Bí ó bá rò pé Paris ni, yóò gbé ìràwọ̀ àríwá sókè lójú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni ìràwọ̀ náà kò jìnnà sí ilẹ̀ ní Kika.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ibi tí ìwọ̀-oòrùn wà nínú awò, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Nítorí pé ilé ayé ń yí, ìràwọ̀ yóò rọra sún títí yóò fi jáde. Ibi tí ó bá gbà jáde ni ìwọ̀-oòrùn. Láàárín ìṣẹ́jú 2, ó lè sún tó fífẹ̀ òṣùpá wa.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a tún dojú awò kọ Júpítà. Àwọn òṣùpá rẹ̀ ti kúrò ní ipò àná, nítorí wọ́n ń yí i po láìdúró. Èyí tí ó sún mọ́ ọn jù nínú àwọn mẹ́rin náà ń parí yíyí rẹ̀ láàárín nǹkan bí wákàtí 42. Ìyá náà sọ àwòrán inú fóònù di òdì, ó sì kà á: «Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọ̀tún.» Ó wá fi ojú sí awò, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: «Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọ̀tún.» Lẹ́yìn náà ni ó pe ọmọ rẹ̀ wá síbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún un.