Nígbà tí ara ọmọ ọwọ́ bá kọ mílíìkì àti sóyà

Ọmọ ọwọ́ lè máa mu ọmú dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì léraléra, kí ó máa ká ẹsẹ̀ sókè pẹ̀lú ẹkún, kí ìyá rẹ̀ sì máa rí ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín bí òwú pẹ̀lú ikun nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Kì í pẹ́ tí ìmọ̀ràn á fi kún ilé. Àwọn kan á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n á sì gbé àgbo wá. Àwọn mìíràn á ní ọmú ìyá ni kò dára, kí wọ́n já ọmọ lẹ́nu ọmú, kí wọ́n ra mílíìkì inú agolo. Ìmọ̀ràn méjèèjì léwu. Èkejì tilẹ̀ lè burú jù, nítorí pé bí ó bá jẹ́ mílíìkì màlúù ni ara ọmọ náà kọ̀, ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu gan-an ni wọ́n fẹ́ sọ di oúnjẹ rẹ̀ lọ́sàn-án lóru.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé àti àwọn òbí tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a kọ ìwé yìí fún.

Ohun méjì tí a máa ń dà pọ̀

Èròjà amúaradàgbà wà nínú mílíìkì màlúù, ṣúgà kan náà sì wà nínú rẹ̀ tí a ń pè ní lactose. Ìṣòro tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fà yàtọ̀. Bí ó bá jẹ́ amúaradàgbà, agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn ló ṣi oúnjẹ mú fún ọ̀tá, tó sì dojú ìjà kọ ọ́. Èyí ni àlẹ́jì. Bí ó bá jẹ́ lactose, kò sí ìjà kankan. Oje inú ìfun tó yẹ kó gé ṣúgà náà sí wẹ́wẹ́ ni kò tó, ṣúgà á wá máa rú nínú ìfun, á sì fa inú kíkùn, gáàsì àti ìgbẹ́ olómi.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló mọ èkejì yìí bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: wọ́n mu mílíìkì tútù ife kan, inú wọn ń pariwo títí di ọ̀sán. Kì í ṣe àìsàn, oje tí à ń sọ yìí a máa dínkù lẹ́yìn ìgbà èwe ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tuntun ní in lọ́pọ̀lọpọ̀. Lactose inú ọmú ìyá pọ̀ ju ti inú mílíìkì màlúù lọ, ọmọ tí a bí láìní agbára láti lò ó sì ṣọ̀wọ́n gidigidi. Òṣìṣẹ́ ìlera tó bá sọ fún ìyá pé ṣúgà inú ọmú rẹ̀ ni ara ọmọ kò gbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àṣìṣe ni yóò jẹ́ nígbà gbogbo. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé lẹ́yìn ìgbẹ́ gbuuru líle, ojú ìfun ọmọ á bó, kò sì ní lè lo lactose dáadáa fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó máa ń kọjá fúnra rẹ̀, kí a má sì dá ọmú dúró nítorí rẹ̀.

Nono fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Ọmọ tó ti ń jẹun, tó jẹ́ lactose ni ìṣòro rẹ̀, lè gba nono tó ti kan tàbí yógọ́ọ̀tì, nítorí pé kíkan rẹ̀ ti mú díẹ̀ kúrò nínú ṣúgà náà. Ọmọ tó ní àlẹ́jì kò lè jàǹfààní kankan níbẹ̀, nítorí amúaradàgbà inú nono kò lọ síbì kankan.

Bí àlẹ́jì ṣe ń fara hàn

Ọ̀kan wà tó ń yá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì, ara ọmọ á lé, ètè tàbí ojú á wú, ó lè máa mí pẹ̀lú ariwo, ó sì lè dákú. Bí mímí bá ti di ìnira tàbí tí ọmọ bá dákú, abẹ́rẹ́ adrenaline ni ìtọ́jú àkọ́kọ́: 0.01 mílílítà fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ọmọ wọ̀n, láti inú èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1 nínú 1000, sínú ẹran itan lápá ìta. Lẹ́yìn náà ni kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Ọ̀kan ń falẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti ikun nínú ìgbẹ́, èébì, ara gbígbẹ tó ń yún, ẹkún tí kò ní ìdí, tàbí ìwúwo tí kò gòkè lórí káàdì ọmọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń ya ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín yìí ń dàgbà dáadáa, ojú wọn sì ń dán. Ohun tó ń dẹ́rù ba òbí lójú ju bí ó ti le tó lọ.

Ẹ̀kẹta ni a máa ń ṣì mú fún nǹkan mìíràn. Ní wákàtí kan sí mẹ́rin lẹ́yìn oúnjẹ, ọmọ á máa bì lábìtúnbì, ara rẹ̀ á ṣì, yóò rọ jọ̀wọ̀lọ̀ bí ẹni tí kòkòrò àrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ara rẹ̀ lè má gbóná, kò sì lé. Omi ara rẹ̀ ló ń tán; omi ORS ni kí a fún un, tàbí omi sí iṣan bí kò bá lè mu. Mílíìkì màlúù àti sóyà ló sábà máa ń fa èyí nínú ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n ìrẹsì náà lè fà á. Bí ọmọ kan bá ti wá lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, kí a bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tí ó jẹ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí a tó tún kọ oògùn ibà.

Kí a tó pè é ní àlẹ́jì

Ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti wádìí rẹ̀ dáadáa, àwọn ọmọ tí ara wọn kọ mílíìkì màlúù kì í ju 2 sí 3 nínú 100 lọ, wọ́n sì kéré sí i láàárín àwọn tó ń mu ọmú nìkan. Àwọn ohun mìíràn tó ń mú ọmọ ya ẹ̀jẹ̀ wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí ara bá gbóná pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ìgbẹ́ ọ̀rìn ni kí a kọ́kọ́ rò, kí a sì tọ́jú rẹ̀. Bí ọmọ bá ń ké gbàmù, tó ń dákẹ́, tó tún ń ké, tí inú rẹ̀ wú, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì pupa rokiroki, ìfun lè ti wọnú ìfun; ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ abẹ ni, kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì. Ìdí ọmọ tó là nítorí ìgbẹ́ líle náà ń mú ẹ̀jẹ̀ jáde. Àgbo tí a ń rọ ọmọ tuntun náà lè bá inú rẹ̀ jẹ́, kí a béèrè nípa rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìbínú.

Oúnjẹ ìyá

Bí ìyá bá mu mílíìkì, díẹ̀ kíún nínú amúaradàgbà rẹ̀ ń bá ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ìtọ́jú ọmọ tó ń mu ọmú ni pé kí ìyá rẹ̀ fi mílíìkì sílẹ̀, kí ó sì máa fún ọmọ lọ́mú lọ. Ó rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó ló ń dáná fún ìyá ìkókó ní ọ̀pọ̀ ilé, tíì tó kún fún mílíìkì àti ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n sì gbà pé ó ń mú ọmú wá. Nítorí náà kò tó kí nọ́ọ̀sì bá ìyá ọmọ nìkan sọ̀rọ̀. Ó lè sọ fún ìyá àgbà báyìí pé: “Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àìsùn. Ọmú ìyàwó yín dára, kò sí ohun tó ṣe é. Mílíìkì tó ń bù sínú tíì ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ń dé ara ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀kọ yín kò burú o, mílíìkì inú rẹ̀ ni kí ẹ yọ.” Nígbà tí àgbà bá di alábàáṣiṣẹ́, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Mílíìkì nìkan ni kí a kọ́kọ́ yọ. Ẹ̀jẹ̀ lè dáwọ́ dúró láàárín ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ kí a fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí a yọ sóyà náà fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, nítorí pé àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn kọ méjèèjì. Bí kò bá tún sí ìyàtọ̀, kí ìyá padà sí oúnjẹ rẹ̀, kí a wá ìdí mìíràn. A kò gbọdọ̀ fi ìyá sílẹ̀ lórí ẹ̀kọ àti omi nítorí ìfura. Bí ara ọmọ bá yá, kí ìyá tún mu mílíìkì díẹ̀ wò. Bí àmì náà bá padà, ó ti dájú. Àyàfi ọmọ tí tirẹ̀ yá tàbí tó rọ jọ̀wọ̀lọ̀: a kò gbọdọ̀ dán ti irú wọn wò nílé.

Ibi tí mílíìkì fara pamọ́ sí ju ibi tó hàn lọ. Gbogbo ènìyàn mọ ti inú agolo, nono, fúrá, bọ́tà, àti wagashi tí àwọn Fúlàní ń ṣe ní Benin. Búrẹ́dì, bisikíìtì, ṣinṣín, kéèkì àti ohun mímu oníkòkó ni kò sí lọ́kàn ẹni. Lára páálí, kí a wá ọ̀rọ̀ bíi milk, whey, casein àti caseinate.

Sóyà ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn ìdílé bí wọ́n ṣe lè fi sóyà kún oúnjẹ ilé, ó sì ti ṣe aráàlú ní àǹfààní púpọ̀, nítorí pé amúaradàgbà rẹ̀ pọ̀, kò sì wọ́n bí ẹran. Àbájáde rẹ̀ ni pé ó ti wọ inú ògì, àkàrà, kunu, ìyẹ̀fun ọmọdé tí a ń pè ní Tom Brown, àti irú: dàwàdawà púpọ̀ lọ́jà òkè Ọya ni a fi sóyà ṣe lónìí, kì í ṣe igbá. Àwọn amọ́bẹ̀dùn onígun mẹ́rin kan náà ní in. Ọ̀rọ̀ náà “wàrà” sì ń dúró fún ti màlúù àti ti sóyà lẹ́nu àwọn tó ń kiri rẹ̀, nítorí náà kí a béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ìṣòro tiwa, kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì. Súyà ẹran kì í ṣe sóyà. Àwọn ìyá kan ti fi í sílẹ̀ lásán nítorí ìjọra orúkọ. Òróró sóyà tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa kì í sábà yọ ọmọ lẹ́nu.

Ìyá tó fi mílíìkì sílẹ̀ nílò nǹkan bí 1000 mílígíráàmù kálísíọ́ọ̀mù lójúmọ́. Ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí a jẹ teegunteegun, edé, ewédú, mọ̀ríńgà àti yánmọtí, tí àwọn Haúsá ń pè ní ridi, ló ń fún ni. Bí èyí kò bá tó, kí a fún un ní oògùn kálísíọ́ọ̀mù. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀pà kò sí lára ohun tí a yọ.

Ọmọ tí kò mu ọmú

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti le. Mílíìkì àkànṣe wà tí wọ́n ti já amúaradàgbà rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ tí ara kò fi dá a mọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kì í sì í sí ní ọ̀pọ̀ ìlú. Mílíìkì ewúrẹ́ kò lè dípò rẹ̀. Ó jọ ti màlúù tó bẹ́ẹ̀ tí ara ọmọ tó kọ ọ̀kan fi máa ń kọ èkejì. Mílíìkì sóyà ti ọmọdé kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ó sì lè dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Oje ẹ̀pà, ọ̀fíọ̀ tàbí sóyà tí a fún nílé kò lè gbé ọmọ ọwọ́ ró rárá. Bí ìyá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọmú dúró, ó lè padà bí ọmọ bá ń mu ún léraléra tí òṣìṣẹ́ ìlera sì dúró tì í. Èyí ni kí a kọ́kọ́ gbìyànjú. Kí òṣìṣẹ́ má sì gba mílíìkì ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á láti pín fún àwọn ìyá. Òfin àgbáyé ti ọdún 1981 lórí títa ohun àfidípò ọmú lòdì sí i.

Láti oṣù mẹ́fà lọ

Ògì funfun nìkan kò tó ọmọ kankan. Kí a fi edé tàbí ẹja lílọ̀, ẹyin, ẹ̀wà tí a bó, ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná àti epo pupa kún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tirẹ̀, kí a lè mọ èyí tí ara kọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn tó ń tọ́jú ọmọ tí oúnjẹ kò tó. Mílíìkì wà nínú F-75, F-100 àti ẹ̀pà lílọ̀ inú ọ̀rá tí a ń fún ọmọ tó rù. Sóyà wà nínú ìyẹ̀fun àgbàdo àti sóyà tí àwọn àjọ ń pín. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ń jẹ wọ́n, wọ́n sì ń yè. A kò gbọdọ̀ fà wọ́n sẹ́yìn nítorí ìgbẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá ń bì lábìtúnbì ní gbogbo ìgbà tó bá jẹ wọ́n, kí a dá a dúró, kí a sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn tí dókítà ọmọdé wà.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí tiwọn ń falẹ̀ ló máa ń bọ́ nínú rẹ̀ láàárín ọdún kìíní sí ìkẹta. Nígbà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan, tó sì ti lo ó kéré tán oṣù mẹ́fà láìfọwọ́ kan mílíìkì, kí a fún un ní bisikíìtì onímílíìkì díẹ̀, nítorí pé iná ti pa amúaradàgbà rẹ̀ dà. Bí kò bá sí nǹkan, kí a pọ̀ ọ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí a tó dé orí yógọ́ọ̀tì, lẹ́yìn náà mílíìkì tútù. Kí a dán sóyà wò ní ọ̀tọ̀. Àwọn tí tiwọn yá tàbí tó rọ jọ̀wọ̀lọ̀, ilé ìwòsàn nìkan ni ibi tí a ti ń dán tiwọn wò.

Kí a kọ ohun tí ara ọmọ kọ̀ sára káàdì àjẹsára rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí a rí i, kí nọ́ọ̀sì mìíràn lè kà á. Gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ni kí ó gbà lásìkò.