Playback: ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì

Ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́: play-back. Bí olórin bá gun orí ìtàgé, tí ó ń mi ètè, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ohùn inú ẹ̀rọ ni à ń gbọ́, wọn a ní play-back ni ó ń ṣe. Láti inú èdè Faransé ni a ti gba ìtumọ̀ yìí. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ni ín kò lò ó bẹ́ẹ̀.

Lédè Gẹ̀ẹ́sì, playback ni kí ẹ̀rọ tún ohun tí a ti gbà sílẹ̀ sọ fún wa, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tí Thomas Edison ṣe ní ọdún 1877 ti tún ohùn rẹ̀ sọ fún un. Ẹni tí ó tẹ fóònù láti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, playback ni ó ń ṣe. Ẹ̀tàn kò sí níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ sọ ti olórin tí ń mi ètè lásán, lip-sync ni kí ó kọ sínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

Sinimá ni ó so ìtumọ̀ méjèèjì pọ̀. Wọn a kọ́kọ́ gba orin sílẹ̀, wọn a sì tún un gbé sáfẹ́fẹ́ níwájú kámẹ́rà kí òṣèré lè máa mi ètè sí i. Ní Íńdíà, ọ̀pọ̀ ọdún ni Lata Mangeshkar, tí ó kú ní 2022, fi kọrin fún àwọn òṣèrébìnrin. Gbogbo ayé mọ̀ pé òun ni ó ni ohùn náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, tí ó wà nínú ìwé àjogúnbá UNESCO láti 2008. Àwọn àgbà ní ojú tí ó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ṣùgbọ́n etí pẹ̀lú ní ìpín tirẹ̀. Lóru Ẹ̀fẹ̀, olórin ń yin ẹni rere, ó ń bá oníwàkiwà wí, àwọn elégbè sì ń dá a lóhùn. Ohùn inú ẹ̀rọ kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jà lánàá, kò sì lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bí a bá gbé play-back ti Faransé wọ agbo náà, igi tí a gbẹ́ nìkan ni yóò kù.

Ti Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mú. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà, ẹ gba orin wọn sílẹ̀, ẹ máa tún un gbọ́ títí ẹ ó fi lè kọ ọ́ láìsí fóònù lọ́wọ́.